Jẹnẹrétọ̀ Alhaji: Àkọsílẹ̀ Ẹ́ńjìnì Rélùwéè Kan Tó Dé Ìkòròdú

Ojú irin kò dé Ìkòròdú rí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó ní 1896, ọ̀nà Agége àti Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà, wọ́n sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ọmọ Ìkòròdú tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láyé ìgbà náà, ojú omi ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí lọ́jọ́ tí Alhaji kan ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yìnyín òun lọ́nà Ìpakodò. Mo ká tapólì kúrò lórí ẹ̀, mo sì rí i pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fa wágọ̀nù rí.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ mi. Dísẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti parí, mo wà lára àwa méje kan tí ọ̀rọ̀ rélùwéè ti kó sí lórí. A máa ń lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta láti wo Jaekel House, ilé 1898 tí ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó ń dá ilé àtijọ́ sí, tún ṣe tó di ibi tí wọ́n kó ohun ìrántí rélùwéè sí. A máa ń dúró lẹ́bàá irin ní Agége láti ya fọ́tò, tí àwọn aláàkàrà á máa wò wá bíi wèrè. Ìyàwó mi ní ó sàn kí n máa mutí.

Ohun tí mo rí lábẹ́ tapólì yẹn ni ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà, wọ́n tò ní ìlà kan ṣoṣo, ó ga jù mí lọ. Jẹnẹrétọ̀ tó nípọn bí àgbá omi so mọ́ ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jókòó lórí férémù irin tí wọ́n fi gáàsì gé kúrò lára ọkọ̀. Àwo orúkọ rẹ̀ ti lọ. Ihò ìdè mẹ́rin ló kù níbẹ̀. Idẹ ni àwo náà, ẹni tó mọ owó idẹ ti yọ ọ́ lọ tipẹ́.

Alhaji ṣàlàyé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta irin kọ̀ǹdéèmù ló rà á níbi gbàǹjo, ó sì fẹ́ gbé e lọ sí Odògúnyán, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ irin ti ń yọ́ irin àtijọ́ di irin ìkọ́lé. Ìyẹn ni pé bí ojú irin ò tilẹ̀ dé Ìkòròdú, irin ojú irin ń dé. Alhaji rí i lórí tírélà, ó rí i pé jẹnẹrétọ̀ wà nídìí rẹ̀, ó sì rántí owó dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ń jẹ ẹ́ lóṣooṣù nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ó sanwó lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ó ní irin tó bá lè fa ọkọ̀ ojú irin, kí ni yìnyín tí kò ní lè ṣe?

Ìwé ni mo kọ́kọ́ bi í. Irin rélùwéè kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fọwọ́ kàn láìrí rìsíìtì, nítorí àwọn kan ń jí i, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ṣẹ̀wọ̀n. Alhaji wọlé, ó mú ìwé gbàǹjo àti ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi tà á fún un jáde. Mo ya fọ́tò méjèèjì. Bí kò bá ní ìwé ni, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ì bá parí sí.

Mo wá lọ pe Bàbá Lókò.

Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Fítà ni ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó wá kọ́lé sí Ìkòròdú bíi ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò lè ra ilẹ̀ nínú Èkó. "Lókò" ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó gun ọ̀kadà dé, ó bọ́ fìlà, ó rọra yí ẹ́ńjìnì náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọwọ́ pa á lára bí ẹní ń wo màlúù tó fẹ́ rà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Bàbá," ni Alhaji wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ìdí ẹ̀."

"Ṣọ́ńtà ni, ẹ̀rọ tó ń to wágọ̀nù nínú ọgbà rélùwéè," ni Bàbá dáhùn. "Alhaji, ẹ má bínú sí mi. Èyí tí ẹ rà yìí, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ bí ẹ ṣe ń pe jẹnẹrétọ̀."

Ó jókòó lórí kéèsì mílíìkì, ó sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ọkọ̀ ilẹ̀ kò mọ̀. Nínú ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì rélùwéè bí irú èyí, ẹ́ńjìnì kò fọwọ́ kan táyà irin rárá. Jẹnẹrétọ̀ ni ẹ́ńjìnì ń yí. Jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná fún àwọn mọ́tò tó wà lára áàsù. Mọ́tò wọ̀nyí ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí jíà àti kúlọ́ọ̀ṣì tó lè máa fa ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù láti orí ìdúró lójoojúmọ́ kó má jóná. Mọ́tò oníná DC, iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ní agbára jù lọ nígbà tí kò tíì yí rárá, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọkọ̀ nílò agbára. Nítorí náà iná DC ni jẹnẹrétọ̀ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń gbé jáde. Iye fólítì rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí dírẹ́bà bá fa ọwọ́ ìṣíná, á gòkè. Bí ẹrù bá wúwo, á sọ̀ kalẹ̀. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mọ́tò ilé yìnyín Alhaji ńkọ́? AC ni, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, fésì mẹ́ta, 415 fólítì, 50 Hz (ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ so iná DC yìí mọ́ ọn, kò ní yí. Yóò kàn gbóná títí tí yóò fi rú èéfín.

Alhaji dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó wá di pé yìnyín yìí á yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí, torí ohun tí Bàbá sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló wà nídìí gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà. Ó ní ẹ̀rọ ojú irin kì í fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba oyè lórí rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ tuntun, èrò ló ń kó lọ sí Kánò. Bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, wọn á ní kó máa fa ẹrù. Lẹ́yìn ẹrù, wọn á fi í kó òṣìṣẹ́ láti Ìjòkó wá sí Ìddó láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ inú ọgbà. Níkẹyìn wọn á tì í sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, ẹni tó bá nílò pọ́ǹpù á wá yọ pọ́ǹpù lára rẹ̀, ẹni tó nílò nọ́sù tó ń fọ́n epo á yọ ọ́, títí tí á fi ku egungun. Bàbá fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn ẹ̀rọ MX620 tí wọ́n kọ́ ní Montreal, tí wọ́n wọlé ní àwọn ọdún 1970 tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn, ṣe ń sún sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti General Electric tí wọ́n kọ́ ní Brazil dé ní nǹkan bí 2010, àwọn àgbà tún sún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lórí irin tuntun tó fẹ̀ ní mílímítà 1435. Ti àtijọ́, 1067 ni. Ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1067 kò lè gun èkejì, bó ti wù kó lágbára tó. Kò bà jẹ́ o. Ọ̀nà ló ṣí lọ.

Ti ṣọ́ńtà yàtọ̀. Bàbá ní ìránṣẹ́ ni wọ́n bí i, ìránṣẹ́ ló sì kú sí. Òun ló ń to wágọ̀nù kí ẹ̀rọ ńlá tó wá fà á lọ, òun ló ń jáde nínú òjò ní aago mẹ́ta òru. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, tí a ní fọ́tò tó lé ní ẹgbẹ̀rún, nígbà tí a wá a délé, méjì péré la rí tí ṣọ́ńtà wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ló sì wà nínú méjèèjì.

Àbá àkọ́kọ́ wá láti ẹnu Alhaji fúnra rẹ̀: kí a yọ jẹnẹrétọ̀ DC náà, kí a so tuntun tó jẹ́ AC mọ́ ẹ́ńjìnì. Kì í ṣe àbá òmùgọ̀. A jókòó ṣírò rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ọjà tí a mọ̀ ní òpó mágnẹ́ẹ̀tì mẹ́rin nínú, ó sì gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 1500 láàrin ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó jẹ́ 50 Hz. Ẹ́ńjìnì yìí, tí a bá fún un ní gbogbo ohun tó fẹ́, kò ní kọjá 700. Tó bá ń yí ní 600, òpó mẹ́wàá la nílò. Irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ wà láyé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á ra ilé yìnyín mìíràn. A lè fi jíà sáàrin láti sọ ìyípo di púpọ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnì sílíńdà ńláńlá kì í yí geere bí ọmọ kékeré. Ó máa ń ta kíráǹkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, gbì, gbì, gbì, jíà tí wọn kò ṣe fún un á fọ́ eyín. Mo ti rí i nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo sọ fún Alhaji pé kó má náwó sí i.

Alhaji ní ó dáa. Ṣùgbọ́n kí a tiẹ̀ tan ẹ́ńjìnì náà lẹ́ẹ̀kan, kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ yìí. Bàbá ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iná sí i kí òun tó dé ní ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sátidé dé, Bàbá wà níbi òkú kan ní Ìmọta, ó ní òun á pẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaji, rewáyà ni, ti kó bátìrì tírélà mẹ́rin wá. Ó mọ ohun tó ń ṣe: nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnì, bátìrì á gbé iná fún un, á di mọ́tò, á sì yí kíráǹkì. Ó ti tọpa wáyà, ó ti rí ibi tó máa so ó mọ́. Èrò ti pé, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti dúró. Mo wo agogo. Mo ní kó so ó.

Ó so ó. Jẹnẹrétọ̀ kùn, kíráǹkì rọra yí, kò tó ìdajì ìyípo, ó dún gbìì! Ó dúró. Gbogbo férémù mì. Ọmọ náà tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá dé ní aago méjì, nínú ágbádá òkú. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ní kí a mú ọ̀pá irin kan wá, ó tọ́ka sí ihò tó wà lára fíláíwíìlì, ó ní kí a fi ọ̀pá yí i padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí kọ́ọ̀kì kékeré tó wà lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a wá yí i síwájú, kí gbogbo wa sì kúrò níwájú rẹ̀. Ẹnì kan kò gbọ́. Omi pupa ta jáde láti sílíńdà kẹrin, ó bá a láyà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí wọ́n ṣí ọkọ̀ náà, wọ́n yọ páìpù tí ẹ́ńjìnì fi ń mí afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n sì fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Òjò rọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà òjò kan kí ó tó dé ọwọ́ Alhaji. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì kú, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà kẹrin ló wà ní ṣíṣí, ibẹ̀ ni omi gbà wọlé. Tí a bá yí kíráǹkì, fáàfù á pa, písítìn á gòkè láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún, omi kò ṣeé fún. Tí bátìrì wa bá lágbára bó ṣe yẹ, kónrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráǹkì, ló máa tẹ̀, tàbí kí orí sílíńdà fò. Bátìrì mẹ́rin tó ti rẹ̀ ló gbà wá. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì tan ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ nílẹ̀, ì báà jẹ́ ti ọkọ̀ apẹja, láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i ní ìyípo méjì tó pé pẹ̀lú kọ́ọ̀kì ní ṣíṣí.

A wá ṣí i. Nígbà tí a tú ìdè ìsàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì ń gbé, omi ló kọ́kọ́ jáde, ó kún kẹ́ẹ̀gì márùn-ún, kí ọ́ìlì dúdú tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, tí ọ́ìlì á léfòó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n láti òkè, ọ́ìlì ni yóò rí, yóò sì rò pé ara ẹ́ńjìnì le. Omi náà ti gòkè dé ara kíráǹkì. Ojú ibi tí bẹ́ríǹgì ń jókòó sí ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Súlíìfù kẹrin, agolo tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, ti sán, ríìngì ti lẹ̀ mọ́ písítìn ní mẹ́ta nínú mẹ́fà.

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì. Ó ní ẹ́ńjìnì yìí ṣeé tún ṣe, kò sí ẹ́ńjìnì tí kò ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n kíráǹkì tó gùn tó báyìí, a ó gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè lọ̀ ọ́. Bẹ́ríǹgì rẹ̀, a ó ní kí wọ́n dà á tuntun. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, kí ni yóò máa ṣe? Ó bi wá lẹ́ẹ̀mejì. "Kí ni yóò máa ṣe?" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó ń fi gáàsì gé irin dé. Wọ́n wọn ẹ́ńjìnì náà lójú, wọ́n sọ iye tí wọ́n á san lórí kílò kan, Alhaji sì ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ márùn-ún nítorí pé òun gba ti Bàbá. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ni ẹgbẹ́ wa fi jà.

Ọ̀nà méjì la pín sí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí kò bá ké kì í ṣe ẹ̀rọ, òkú ni. Kí a kówó jọ, kí a tún un ṣe, bí yóò tilẹ̀ gba ọdún mẹ́wàá. Àwọn kejì ní kí a kùn ún dáadáa, kí a bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kó gbé e sí ràǹdábáùtù kan, kí àwọn ọmọdé máa rí i. Bàbá ní, "Ẹ fẹ́ fi àtíkè kun òkú." Ó bí àwọn kan nínú. Èmi náà, láàrin ara mi, ọ̀dọ̀ àwọn àkọ́kọ́ ni mo wà. Èmi tí mo ń gbọ́ ohùn dísẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ dalẹ́, mo ṣì fẹ́ gbọ́ ti ẹyọ kan yìí.

Ọ̀rọ̀ yí padà nítorí ọmọ kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó bá mi lọ sí ọ̀dọ̀ Alhaji lọ́jọ́ tí a ṣí orí sílíńdà. Ó ti ń bá mi tún dísẹ́ẹ̀lì ṣe láti ọdún méjì. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró lókè, ó ń wo inú sílíńdà bí mo ṣe ń yí kíráǹkì lọ́wọ́, ó rí písítìn tó ń gòkè, fáàfù tó ń pa, ó sì pariwo pé, "Ọ̀gá, ṣé bó ṣe ń ṣe nìyí?" Ọdún méjì! Nínú ẹ́ńjìnì kékeré, ohun gbogbo wà nínú, ó sì ń yára. À ń kọ́ wọn ní orúkọ, wọn kì í rí iṣẹ́. Èyí tóbi tó fi jẹ́ pé èèyàn lè ti orí rẹ̀ bọ inú rẹ̀.

Mo sọ èyí fún Bàbá. Ó ní, "O ti dá ìbéèrè mi lóhùn." Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní agbègbè wa tí ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní mẹkáníìkì jẹ́ ọmọ ìjọ Bàbá. A lọ bá a. Ó ní tí a bá lè gbé e dé, òun ní ṣẹ́ẹ̀dì tó ní òrùlé.

Ó kù owó. Alhaji kì í ṣe ẹlẹ́yinjú àánú lásán. Oníṣòwò ni, owó rẹ̀ wà nínú irin náà. Ohun tó níye lórí jù nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe irin, kọ́pà ni: wáyà kọ́pà tó wé mọ́ inú jẹnẹrétọ̀ DC yẹn. Ó ní tí a bá lè jẹ́ kí òun ta kọ́pà, òun á fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìjà tó tẹ̀ lé e le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ rélùwéè! Láìsí i, ẹ́ńjìnì lásán ni, ó lè jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi. Ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan kò tíì kí mi dòní. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé a ta ọkàn ẹran kí a lè gbé awọ rẹ̀ kọ́. Mi ò lè ní irọ́ ló pa. Bàbá ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní kí a gba kọ̀mútétọ̀ tó wà lórí rẹ̀, òrùka kọ́pà tí búrọ́ọ̀ṣì ń gba iná lára rẹ̀, ilé búrọ́ọ̀ṣì kan, àti mítà mẹ́ta wáyà tí wọ́n gé pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti dè é, kí a sì ya fọ́tò ohun gbogbo kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ó jókòó ti àwọn tó ń tú u, ọjọ́ méjì gbáko, ó ń sọ orúkọ apá kọ̀ọ̀kan àti ohun tó máa ń ṣe é nígbà tó bá ń ṣàìsàn. Ọmọ iṣẹ́ mi fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wákàtí mọ́kànlá ló jẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí a gbà là, mi ò ní pe irin.

Gígé sílíńdà kẹrin kò pẹ́. Súlíìfù tó ti sán tẹ́lẹ̀ ni, a kò ba ohun tó dára jẹ́. A la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè máa wo inú rẹ̀, a fi gíláàsì bò ó. Àwọ̀ àtijọ́ ara ẹ́ńjìnì, a kò kùn ún mọ́. Níbi tí ó ti bó, àwọ̀ mẹ́ta ló hàn lórí ara wọn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mọ̀ pé ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Àwọn tó fẹ́ kí a kùn ún kò tíì yéé dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé àwọ̀ tuntun á ti pa ìwé ìrìnnà rẹ̀ rẹ́.

Gbígbé rẹ̀ gba òru kan àti kíréènì méjì, nítorí ẹni tó mú kíréènì àkọ́kọ́ wá fojú díwọ̀n ẹrù. Mi ò fẹ́ rántí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bóyá ẹ ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ẹ fẹ́ dá sí: nínú gbogbo ohun tí a ṣe, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá béèrè ni pé kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè Bàbá kí wọ́n tó ra ọ̀dà tàbí bátìrì. Ẹ̀rọ tí kò bá ní iṣẹ́ tuntun tó ń lọ sí, ẹ̀yin ló ń lò, ẹ̀yin kò lò ó. Ní ọdún kẹta owó yín á tán, ọ̀rọ̀ á sì tún dé ọ̀dọ̀ àwọn onígáàsì. Iṣẹ́ tuntun náà lè kéré. Ó lè má pariwo. Èkejì, ẹ dí gbogbo ihò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀nà èéfín àti ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń ta omi àti okùn rọ́bà tó wà, owó rẹ̀ kò tó ra búrẹ́dì, òun sì ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ́ńjìnì tó ṣeé tan àti èyí tí a là. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀rá bo ẹnu páìpù ṣọ́ńtà yẹn nígbà tí wọ́n ṣí i, bóyá àwọn tó fẹ́ kó ké ni ì bá borí, tí n bá sì wà lẹ́yìn wọn. Lórí kọ́pà, mi ò ní ìdáhùn tó kọjá ohun tí a ṣe. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ́ńjìnì náà wà ní ṣẹ́ẹ̀dì báyìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ máa ń fi ọ̀pá irin yí i, ẹni mẹ́ta sí ọ̀pá kan, Bàbá á jókòó sórí àpótí, á ní kí wọ́n má fagbára, kí wọ́n fi ọwọ́ gbọ́ ọ. Alhaji a máa yà níbẹ̀ tó bá ń bọ̀ láti Odògúnyán. Oṣù tó kọjá, ó mú àlejò méjì wá láti Ìjẹ̀bú, ó dúró níwájú gíláàsì, ó ń ṣàlàyé fún wọn bí písítìn ṣe ń gòkè, kò sì ṣì í sọ rárá. Àlejò kan bi í pé kí ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí.

Alhaji ní, "Jẹnẹrétọ̀ mi ni."